Èso dára, ewébẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ má pa iná ìdáná

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àìsè ni a gbé dé lónìí: èso, ewébẹ̀ tútù, àgbọn, àti gbogbo ohun tí a ń jẹ láìjẹ́ pé iná kàn án.

Ìdí tí a fi mú un wá ni pé ó ti ń di àṣà. Fídíò wà lórí tẹlifóònù àwọn ọmọ wa tó ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ara òun fúyẹ́, kó pa ìkòkò tì, kó máa jẹ kìkì èso àti ewé. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta ń ṣe é. Ìyá ọlọ́jà tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ń ṣe é. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fẹ́ fi ọmọ kékeré sí i. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ohun tó dára níbẹ̀

Ẹ má gbọ́ ọ lódì o: èso àti ewébẹ̀ dára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ ó kéré tán 400 gíráàmù èso àti ewébẹ̀ lójúmọ́. Ọsàn méjì àti àwo ewébẹ̀ kékeré kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Mélòó nínú wa ló ń jẹ tó bẹ́ẹ̀?

Fítámínì C, tó ń ran ara lọ́wọ́ láti san ọgbẹ́, kò fẹ́ràn iná. Bí a bá se ewébẹ̀ títí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ọsàn, ìbẹ́pẹ àti máńgòrò fi níyì. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀, ẹ̀yin náà mọ bí èso kajú ṣe ń jẹrà lábẹ́ igi nígbà ìkórè, torí pé kóró nìkan ni oníṣòwò ń rà. Èso tí ẹ ń dà nù yẹn ní fítámínì C ju ọsàn lọ. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ ẹ́, ẹ fún un mu.

Òótọ́ sì ni pé ẹni tó bá fi èso rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti búrẹ́dì funfun, ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Omi pọ̀ nínú èso, ó ń yó ni láìsanra.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan

Ohun tó ń yó ni láìsanra yẹn náà ló lè di ewu. Ẹ mú ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Kílò kan rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti bó o, ní nǹkan bí 500 kálórì, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Obìnrin tó ń lọ sóko, tó ń pọnmi, nílò 2000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Ìyẹn ni pé yóò jẹ kílò mẹ́rin ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ta ló lè ṣe é lójoojúmọ́?

Bó bá tilẹ̀ jẹ ẹ́ tán, ó kù síbì kan. Kílò mẹ́rin yẹn kò ní ju nǹkan bí 20 gíráàmù pùròtéènì lọ, èyí tó ń mọ ara bí amọ̀ ṣe ń mọ ilé. Obìnrin tó wọn 55 kílò nílò nǹkan bí 45. Kò tó ìdajì. Ara kò ní jókòó lásán o, ẹran ara rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ.

Àwọn onímọ̀ ní Jámánì ti ṣe ìwádìí lórí èyí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Wọ́n wo èèyàn tó lé ní 500, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ àìsè fún ọdún mélòó kan. Àwọn obìnrin ti fi nǹkan bí kílò 12 rù, àwọn ọkùnrin nǹkan bí 10. Nínú obìnrin mẹ́rin, ọ̀kan ti rù kọjá ààlà. Nínú àwọn obìnrin tí kò tíì pé ọdún 45, nǹkan bí 30 nínú 100 ni nǹkan oṣù wọn ti ń ségesège tàbí ti dúró pátápátá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ọmọbìnrin tó ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí aṣọ ìgbéyàwó lè wọ ilé ọkọ kí oyún máa sá fún un.

Ohun tí iná gbọ́dọ̀ kàn

Àwọn baba wa kò dáná lásán. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú, pàápàá èyí tó korò. Rírìn, fífún omi rẹ̀ dànù, rírẹ àti yíyan ló ń lé májèlé náà lọ. Gàrí tí a fi omi tútù mu kì í ṣe oúnjẹ àìsè, iná ti kàn án kó tó dé ọjà.

Ẹ̀wà pupa tí kò jinná lè mú èèyàn bì kó sì ya ìgbẹ́. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa. Èèpo kóró kajú ní epo tó ń jó ẹnu àti ọwọ́, kí ọmọdé má fi eyín pa á. Wàrà màlúù tí a kò sè lè gbé àrùn wọlé. Ẹyin sísè sì ń fún ara ní pùròtéènì ju ẹyin tútù lọ.

Kódà nínú ewébẹ̀, iná ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kárọ́ọ̀tì tí a fi òróró díẹ̀ sè ń jẹ́ kí ara rí ohun tó ń ṣeé lójú gbà jù ti tútù lọ.

Ẹ̀yin tó ń ra sàládì lọ́jà

Ewé tí a kò ní sè, omi ló máa gbà á là. Ẹ bi ẹni tó ń tà á: omi wo lẹ ń bu sí i? Omi gọ́tà ń gbé kọ́lẹ́rà àti aràn wá. Ẹ fi omi mímu tó mọ́ fọ̀ ọ́ ní ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, oògùn òwú kì í ṣe oògùn ewébẹ̀. Omi kò lè fọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé a kò rù jù?

Ẹ wọn ara yín ní ilé ìwòsàn. Àgbàlagbà tó ga ní mítà kan àti 60 sẹ̀ǹtímítà, ìwọ̀n tó yẹ ẹ́ wà láàárín nǹkan bí kílò 47 ààbọ̀ sí 64. Ti aláboyún yàtọ̀. Fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, wọn yóò fi téèpù wọn apá rẹ̀. Bí kò bá tó 12 sẹ̀ǹtímítà ààbọ̀, oúnjẹ kò kánú ọmọ náà. Bí kò bá tó 11 ààbọ̀, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ọmú ìyá nìkan ló tó ọmọ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, inú ọmọ kéré: bí èso bá kún un, kò sí àyè fún ògì tí a fi ẹ̀pà, sóyà tàbí ẹyin sí. Ẹ fún un ní èso díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má dá oúnjẹ dúró fúnra yín. Ẹni tó lo oògùn àtọ̀gbẹ tí kò jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè wálẹ̀ títí yóò fi dákú. Iyọ̀ àti mágí ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìdajì àwo jẹ́ ewébẹ̀, kí ẹ̀kọ, iṣu tàbí gàrí gba díẹ̀, kí ẹ̀wà, ẹja tàbí wàrà sísè gba ìyókù. Èso wá tẹ̀lé e.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín

1. Èso wo ló ń jẹrà lábúlé yín tí ẹ lè máa jẹ?
2. Ta ló ń rù lójijì nítòsí yín, ta sì ni yóò bá a sọ̀rọ̀ láìdójú tì í?
3. Omi wo ni wọ́n ń bu sí ewébẹ̀ tí ẹ ń rà?

Ẹ kọ ìdáhùn yín ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á lórí afẹ́fẹ́. Ó dàbọ̀ o.