Oyè Àrẹ̀mọ Ọba Ilẹ̀ Skọ́tlándì

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wàjà ní Balmoral, ní ilẹ̀ Skọ́tlándì. Bí ìtẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ Charles ọmọ rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ náà ni William, àkọ́bí Charles, di Duke ti Rothesay. Kò sí ẹni tí ó fi í joyè náà. Ṣùgbọ́n oyè Ọmọ-Aládé Wales, èyí tí gbogbo ènìà mọ̀ ọ́n mọ́, ó di ọjọ́ kejì kí baba rẹ̀ tó fi í jẹ ẹ́. Baba náà pàápàá jẹ Rothesay ní 1952, ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó di 1958 kí ó tó jẹ ti Wales. Irú oyè wo wá ni èyí tí ọba kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi jẹni? A ó sọ ọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Rothesay jẹ́ ìlú kan ní erékùṣù Bute, níbi tí àwọn ọba Stewart ní ilé olódi sí. Ní 1398 ni Ọba Robert Kẹta sọ David, àrẹ̀mọ rẹ̀, di Duke ibẹ̀, ó sì sọ àbúrò ara rẹ̀ di Duke ti Albany. Ṣáájú wọn, kò sí Duke ní Skọ́tlándì rí. Ọba yìí kò lágbára. Ẹṣin ti ta á ní ìpá, ó sì ń tiro. John ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ka orúkọ náà sí orúkọ burúkú fún ọba, ó sì pa á tì nígbàtí ó gorí ìtẹ́ ní 1390. Bí orúkọ bá ń ro ènìà, pípàrọ̀ rẹ̀ kò gba tirẹ̀.

Albany ni alágbára. Wọ́n mú David, wọ́n sì tì í mọ́lé ní Falkland, ilé olódi Albany. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní oṣù kẹta ọdún 1402, ní ẹni ọdún 23. Àwọn ènìà ní ebi ni wọ́n fi pa á. Ní oṣù karùn-ún, ìgbìmọ̀ ìlú jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni, Albany kò jẹ̀bi, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe kùn sí i. Lójú tiwa, ìdájọ́ tí ó níláti fi òfin pa ènìà lẹ́nu mọ́ kò tíì parí ẹjọ́.

Ó wá ku James, àbúrò David, tí oyè náà kàn. Ní 1406 wọ́n fi í sínú ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì mú un lójú òkun. Kò pé oṣù kan tí baba rẹ̀ fi kú. Ọdún 18 ni James fi wà nígbèkùn, Albany sì ń ṣe àkóso títí ó fi kú ní 1420. James padà dé ní 1424, kò sì gbàgbé. Ní 1425, ní Stirling, ó bẹ́ orí Murdoch, ọmọ Albany, àti orí ọmọkùnrin Murdoch méjì.

Ní 1469, lórí oyè ọmọ-ọmọ James yìí, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Skọ́tlándì fi ilẹ̀ Bute àti ilé olódi Rothesay, pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ mìíràn, fún àkọ́bí ọmọkùnrin ọba títí láé. Láti ìgbà náà ni oyè náà ti kúrò lọ́wọ́ ọba. Obìnrin kì í jẹ ẹ́: Elizabeth, àkọ́bí baba rẹ̀, kò jẹ Rothesay rí.

Oyè Albany ńkọ́? Ó ti kú, ó sì ti jí lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ kẹ́hìn, Charles Edward, ọmọ-ọmọ Ọbabìnrin Victoria, gbè sẹ́hìn Jámánì nínú ogun 1914 sí 1918. Wọ́n gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1919, wọn kò sì tíì fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́.