Habatu-Sauda: Ti Inú Ìgò Ni àbí Ti Kápúsù?

Ọmọ Yorùbá tó bá ń ná ọjà ní Bodokro, lágbègbè Bouaké ní Côte d'Ivoire, “nigelle” ni yóò rí lára ìgò òróró habatu-sauda. Ti kápúsù náà wà. Òróró kan náà ni. Ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ṣíbí ìmutíì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kápúsù 9 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 500. Ti ìgò korò, oòrùn sì ń bà á jẹ́. Èèpo kápúsù ẹ̀wẹ̀ lè jẹ́ láti ara ẹlẹ́dẹ̀: kí Mùsùlùmí yẹ páálí wò. Èyí ó wù kéèyàn yàn, ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà, nítorí òróró yìí náà lè fa ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé, ó lè kọjá ààlà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.