Ogunléndé, agati, déplacé: iṣẹ́ tí orúkọ ń ṣe nínú ìrànlọ́wọ́ fún àwọn Tamil ti Sri Lanka

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ìtumọ̀ kan pé kí ni "réfugié" ní Yorùbá, yóò dáhùn pé "ogunléndé". Ẹ bi í ní "déplacé interne", yóò ronú díẹ̀, yóò sì tún sọ pé "ogunléndé". Kò ṣìnà. Bí mo ṣe tú ọ̀rọ̀ náà, odindi gbólóhùn ló wà nínú rẹ̀: ogun lé mi dé. Ó sọ ohun tó lé ènìyàn, ó sọ pé ènìyàn náà ti dé ibìkan, ṣùgbọ́n kò sọ bóyá ó kọjá ẹnubodè kí ó tó dé. Ẹnubodè yẹn gan-an ni òfin àgbáyé sì fi ń ya ènìyàn sọ́tọ̀. Mo yan ọ̀ràn àwọn Tamil ti Sri Lanka láti ṣàlàyé ohun tí èyí ń fà, nítorí pé níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ réfugié ní Íńdíà kí àbúrò rẹ̀ sì jẹ́ déplacé ní Vavuniya.

Èdè wà lára ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀. Ní 1956, òfin sọ Sinhala nìkan di èdè ìjọba. Nígbà tí àtúnṣe òfin fi Tamil kún un ní 1987, ogun ti ń jà fún ọdún mẹ́rin.

Lẹ́yìn ìpakúpa oṣù keje 1983, ọ̀pọ̀ Tamil wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tamil Nadu, ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè kan náà. Ní 1984, àwọn tó sá wá náà dá àjọ OfERR sílẹ̀ ní Chennai, S. C. Chandrahasan ló ṣáájú wọn. Ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà ń sọ èdè kan, kò sí ògbufọ̀ láàárín wọn. Wọ́n bójú tó ẹ̀kọ́ àti ìlera, wọ́n sì ń ṣe làálàá lórí ìwé ẹ̀rí ìbí fún àwọn ọmọ tí a bí sí àgọ́. Ọmọ tí kò ní ìwé yẹn yóò ṣòro fún láti fi hàn pé ọmọ Sri Lanka ni òun.

Agati ni wọ́n ń pe ogunléndé ní Tamil. Láti Sanskrit ló ti wá: gati ni ọ̀nà tàbí ibi ìsádi, a- sì ń sọ pé kò sí. (Kí ẹnikẹ́ni má fi a- yìí wé a- inú apẹja.) Ohun tí ènìyàn kò ní ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ; ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni Yorùbá fi sọ ọ́. Ní oṣù kẹjọ 2021, M. K. Stalin, olórí ìjọba Tamil Nadu, kéde pé kí wọ́n má pe àwọn àgọ́ náà ní ti agati mọ́, kí wọ́n pè wọ́n ní ti maruvāḻvu, èyí tí mo lè tú sí "àtúngbé ayé". Inú mi dùn sí orúkọ náà, ṣùgbọ́n ipò wọn lábẹ́ òfin kò yí padà. Íńdíà kò fọwọ́ sí Àdéhùn 1951 lórí ogunléndé, òfin ọmọ-ìlú tí ó ṣe ní 2019 kò sì kan àwọn tó wá láti Sri Lanka.

Àwọn tí kò kọjá òkun ńkọ́? Iṭampeyarntōr ni wọ́n ń pè wọ́n: iṭam ni ibi, peyar ni kí nǹkan ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. (Peyar mìíràn wà tó túmọ̀ sí "orúkọ", ẹ má dà wọ́n pọ̀.) Nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí ti déplacé, kò sí ogun, kò sí ẹni tó léni. Ènìyàn kàn ṣípò ni. Nínú òfin, ìjọba ìlú rẹ̀ ló ṣì ni ojúṣe láti dáàbò bò ó, kódà bí ìjọba yẹn bá wà lára àwọn tó ń jà.

Ní oṣù kẹsàn-án 2008, ìjọba ní kí Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè àti àwọn àjọ ìrànlọ́wọ́ kúrò ní Vanni. Àjọ Alágbèélébùú Pupa dúró. Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún 2009, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn tó fara gbọgbẹ́, àwọn aláìsàn àti àwọn ará ilé wọn jáde, wọ́n lé ní 10,000. Lẹ́yìn ogun, èyí tó lé ní 250,000 ènìyàn wà ní àhámọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Menik Farm. "Abúlé ìgbáyégbádùn" ni ìjọba pe ibẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ àwọn Tamil ońlá bíi Ramanathan àti Arunachalam pe àwọn apá rẹ̀. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló yí i ká, sójà ló ń ṣọ́ ọ, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa jáde wọlé títí di oṣù kejìlá ọdún náà. HCR fún wọn ní àgọ́, MSF kọ́ ilé ìwòsàn sí òdìkejì ibẹ̀. Àjọ tó bá pè é ní ẹ̀wọ̀n lè má ráyè wọlé mọ́. Èyí tó bá pè é ní abúlé ti yá ìjọba ní ẹnu rẹ̀. Déplacé di ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn lè sọ láìjà, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tó fi bo nǹkan púpọ̀ mọ́lẹ̀. 2012 ni wọ́n tó ti Menik Farm.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń ṣì wá lọ́nà ni "humanitaire". Àwa tí a kàwé ní Faransé, òyìnbó ló ń wá sí wa lọ́kàn. Àwọn òṣìṣẹ́ 17 ti Action contre la Faim tí wọ́n pa ní Muttur ní oṣù kẹjọ 2006, ọmọ Sri Lanka ni gbogbo wọn, Tamil ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ní ti ìtumọ̀, èrò mi ni pé kí a má wá ọ̀rọ̀ tuntun fún déplacé. "Ogunléndé abẹ́lé" tó, "ogunléndé òkè ẹnubodè" sì wà fún irú àwọn ará Togo tí a gbà sí Comé àti Agamé ní 2005. Báyìí, ogun kò ní sọnù nínú orúkọ náà, ìyàtọ̀ tí òfin ń béèrè yóò sì wà níbẹ̀.