Gáùn Àtijọ́ àti Orúkọ Tí Ó Wà Ní Ọrùn Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a gba ìwé láti ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé àkísà àgbà gan-an ni ó fi owó rẹ̀ rà. A sì rò pé bí a bá sọ ọ̀ràn náà níhìn-ín, yóò ṣe ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n ní àǹfààní, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ọmọbìnrin ní òkè òkun.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Párísì àti New York, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń wá gáùn òde alẹ́ tí àwọn aránṣọ olókìkí rán ní 50 sí 80 ọdún sẹ́yìn. Wọn kò kà á sí àlòkù lásán. Ohun ìṣúra ni lójú wọn, gẹ́gẹ́ bí sányán àti ẹtù ìyá wa àgbà tí ó wà nísàlẹ̀ àpótí ti jẹ́ lójú tiwa. Àwọn kan ń rà á ní ọjà Portobello ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ọlọ́rọ̀ a sì máa rà á ní gbàǹjo. Ní oṣù kẹfà ọdún 1997, a ta 79 nínú aṣọ Diana, Ọmọba-bìnrin Wales, ní gbàǹjo ní New York nítorí iṣẹ́ àánú. Gáùn àrán kan ṣoṣo nínú wọn, tí Victor Edelstein rán, mú ohun tí ó ju 200,000 dọ́là wọlé. Níbi tí orúkọ bá ti níye lórí tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé àwọn kan ń jí orúkọ lò.

Oṣù mẹ́fà ni ọmọ wa yìí fi ń tọ́jú owó kí ó lè rí aṣọ wọ̀ lọ síbi àsè ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó rí gáùn ṣẹ́dà dúdú kan tí orúkọ aránṣọ ńlá kan ará Párísì wà ní ọrùn rẹ̀, ó sì san gbogbo owó náà. Nígbà tí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí ń tún aṣọ ṣe, ìyá náà yí ọrùn rẹ̀ síta, ó sì fi ihò abẹ́rẹ́ hàn án: orúkọ mìíràn ti wà níbẹ̀ rí, a ti tú u kúrò, òwú tuntun ni a sì fi rán ti Párísì sí ipò rẹ̀. Kí ó tó padà dé ọjà, ẹni tí ó tà á fún un ti kó ẹrù lọ. "Bàbá Kékeré," ni ó kọ sí wa, "ojú tì mí. Ṣé kí n sọ ọ́ nù ni?" Lóòótọ́, òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké.

Kí a tó fún un lésì, a rántí obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Ann Lowe. Ní nǹkan bí ọdún 1898 ni a bí i ní ìlú Clayton, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Aláwọ̀ dúdú ni. Ẹrú ni ìyá ìyá rẹ̀ ti jẹ́ rí, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni òun àti ọmọ rẹ̀ sì fi ń jẹun. Lọ́dọ̀ wọn ni Ann ti kọ́ bí a ti ń fi aṣọ ṣe òdòdó. Nígbà tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìránṣọ ní New York ní 1917, nítorí àwọ̀ rẹ̀, iyàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi í sí, òun nìkan. Ní 1947, òṣèré Olivia de Havilland wọ gáùn tí Ann rán ní alẹ́ ọjọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Oscar, ṣùgbọ́n orúkọ ilé ìtajà tí Ann ń bá ṣiṣẹ́ ni ó wà nínú aṣọ náà.

Ní 1953, òun ni ó rán aṣọ ìyàwó fún Jacqueline Bouvier, ẹni tí ó fẹ́ John Kennedy tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1961. Nǹkan bí 50 yáàdì ṣẹ́dà ni ó lọ sí i. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ìgbéyàwó náà pé ni omi ya wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí ó ba aṣọ ìyàwó jẹ́ pẹ̀lú púpọ̀ nínú ti àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó. Ann kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ra aṣọ mìíràn, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì tún gbogbo rẹ̀ rán; dípò èrè, ó pàdánù nǹkan bí 2,200 dọ́là. A gbọ́ pé nígbà tí ó kó àwọn aṣọ náà dé, wọ́n ní kí ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó dáhùn pé bí òun kò bá gba iwájú, òun yóò kó wọn padà. Wọ́n sì jẹ́ kí ó gba iwájú wọlé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ìròhìn tí ó yin aṣọ náà kò dárúkọ rẹ̀. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn ní ìgbà ogbó rẹ̀, ó sì kú ní 1981. Lónìí, àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá ní Amẹ́ríkà ń tọ́jú gáùn rẹ̀, ní 2023 sì ni ilé àkójọ Winterthur ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú èyí ni pé orúkọ ọrùn aṣọ lè purọ́, yálà nípa ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tàbí nípa àìṣòdodo, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ kì í purọ́. Nítorí náà, ẹni tí yóò ra gáùn àtijọ́, kí ó kíyè sí nǹkan wọ̀nyí.

Kí ó gbé e síta sí ojúmọmọ, kí ó yí inú rẹ̀ síta, kí ó sì wo ìṣẹ́tí rẹ̀ bóyá ọwọ́ ni a fi rán an. Kí ó wo abẹ́ apá, nítorí òógùn a máa jẹ ṣẹ́dà. Kí ó wo síìpù: irin ni ó wọ́pọ̀ ṣáájú ọdún 1960, bí ó bá bá ọ̀rá nínú aṣọ tí a pè ní ti 1950, kí ó bèèrè ìgbà tí a pààrọ̀ rẹ̀. Láti 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí a máa kọ bí a ó ti fọ aṣọ sí inú rẹ̀. Bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú gáùn Amẹ́ríkà tí a ní ó ti pé 70 ọdún, kí a fura. Kí ó má gbẹ́kẹ̀lé nọ́ńbà ìwọ̀n, nítorí aṣọ àtijọ́ kéré ju ti ìsinsìnyí tí ó ní nọ́ńbà kan náà lọ. Okùn ìwọnṣọ ni kí ó lò. Èyí tí a to ìlẹ̀kẹ̀ sí lára, kí ó má ṣe fi í kọ́; kí ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, nítorí ìwúwo ìlẹ̀kẹ̀ yóò fà á ya. Ní pàtàkì jùlọ, kí ó gba ìwé ẹ̀rí tí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó tà á wà nínú rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2015 fún ẹni tí ó ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò ní 30 ọjọ́ láti dá a padà bí kò bá rí bí a ti júwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni a ó dá a padà fún, bí a kò bá mọ ibi tí ó wà?

A dá ọmọ wa lóhùn pé kí ó má sọ aṣọ náà nù, ṣùgbọ́n kí ó bi ìyá arúgbó náà bí iṣẹ́ inú rẹ̀ bá dára. Ìyá náà wo ìṣẹ́tí rẹ̀ yíká, ó ní ọwọ́ ni a fi rán gbogbo rẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni tí ó rán an mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ wa tú orúkọ èké náà kúrò, kò sì fi òmíràn sí i. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi àsè náà, nígbà tí wọ́n sì bi í pé ta ni ó rán an, ó ní, "Èmi kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣẹ́tí rẹ̀."

Owó rẹ̀ kò padà. Kí ti ọmọ tiyín má baà lọ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ìwé yìí.