Àbọ̀ Ẹ̀kọ́, Owó Odindi

Ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ìjà akẹ́kọ̀ọ́ àti kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni tó ń kọ́ni níṣẹ́ kì í sábà dá lórí ohun tí wọ́n kọ́ni. Owó ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, á sanwó, iṣẹ́ alẹ́ tàbí ọmọ tó ń ṣàìsàn á sì gbà á mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ìgbà tó bá ti kúrò tán ló máa tó ṣí ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí wò dáadáa. Àwọn èèyàn wa ní Brampton àti Toronto mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ló gba ibẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó.

Òfin ọdún 2005 lórí irú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí àti ìlànà tó rọ̀ mọ́ ọn sọ iye tí kọ́lẹ́ẹ̀jì lè mú. Ẹni tó bá yí ọkàn padà láàárín ọjọ́ méjì tí àdéhùn tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ máa gba gbogbo owó rẹ̀. Ẹni tó bá kúrò kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ máa pàdánù ìdá 20 nínú 100 tàbí 500 dọ́là, èyí tó bá kéré jù. Títí dé ibí yìí, kò sí ìjà.

Ìjà ń bẹ nínú ẹ̀kọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 20 ni, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ 8,000 dọ́là. Ẹni tó ti sanwó tán, tó wá kúrò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 9, wọ́n á mú 3,600 dọ́là fún ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá, wọ́n á mú 500 lé e, wọ́n á dá 3,900 padà. Ẹni tó rọ́jú di ọ̀sẹ̀ 11 ti ré kọjá ìdajì. Òfin ò ní kí wọ́n dá kọ́bọ̀ padà fún un.

Àwọn onílé-ẹ̀kọ́ ní àwíjàre: wọ́n ti gba olùkọ́, wọ́n ti háyà yàrá, kò sì sẹ́ni tó máa wá ra àga tó ṣófo láàárín sáà. Ó mọ́gbọ́n dání létí. Àmọ́ tó bá jẹ́ torí àga ni, ṣebí àga ẹni tó lọ ní ọ̀sẹ̀ 9 ló máa ṣófo pẹ́ jù? Kí ló wá dé tó jẹ́ ẹni tó jókòó pẹ́ jù ló ń lọ lọ́wọ́ òfo? Mi ò tíì gbọ́ èsì kan tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ohun kejì ni pé kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń kà, kì í ṣe kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn fọ́sẹ̀ mẹ́ta láìkọ̀wé sọ pé òun ti kúrò, owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ń gorí ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní òun ti sọ fún olùkọ́ lẹ́nu. Ọ́fíìsì á ní ìwé dà? Irinṣẹ́ àti ìwé tí wọ́n fún un náà wà ńbẹ̀: tí kò bá dá wọn padà láàárín ọjọ́ 10, ní bí wọ́n ṣe wà nígbà tó gbà wọ́n, wọ́n lè yọ owó wọn. Ẹni tó ti fi bírò fàlà sí orí kìíní ti rawé nìyẹn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn kan náà sì ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń dájọ́ owó, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ìlànà ìfẹ̀sùnkàn. Òótọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè mú ẹnì kan dání tó máa gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ló tó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ alábòójútó àgbà tí ìjọba yàn.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ẹjọ́ rere ṣòfò. Wọ́n á ro ti ọmọ, wọ́n á ro ti iṣẹ́ alẹ́, àánú wọn á sì ṣeni lóòótọ́, àmọ́ ìlànà ò ní etí fún ìyẹn. Ohun tó létí fún ni pé olùkọ́ kò ní ìwé-ẹ̀rí tó yẹ, pé wọ́n dá ẹ̀kọ́ náà dúró kó tó parí, tàbí pé wọ́n lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà tó lòdì sí òfin ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá fìdí múlẹ̀, odindi owó ló ń padà, ìdajì kọjá o, kò kọjá o. Ta ló ń béèrè ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ lọ́jọ́ tó ń forúkọ sílẹ̀?

Owó tí wọ́n dá padà náà lè má kan ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yáwó OSAP ti ìjọba ló fi sanwó, inú gbèsè yẹn ni wọ́n máa dà á sí. Ìyókù gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó kúrò ni wọ́n sì máa ní kó bẹ̀rẹ̀ sí san án.