Eré Àfarawé Nínú Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà: Ibi tí ó kan Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó lè ran ọmọ tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni eré àfarawé tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní irú ìgbọ́ni bẹ́ẹ̀.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀

Nínú eré yìí, ẹni tí a ti kọ́ ni yóò ṣe bí ẹni tí ó wá ìrànlọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ní 1963, oníṣègùn Howard Barrows kọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le láti ṣe bí aláìsàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Los Angeles. Ní Yunifásítì Toronto, Marion Bogo àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ lò ó fún ìdánwò nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wẹ́fíà. Ó wúlò fún ìwádìí pẹ̀lú: nígbà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdé ọ̀rọ̀ kan náà, a lè fi iṣẹ́ wọn wé ara wọn.

Àpẹẹrẹ láti Kosofe

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọmọ ọdún 10 kan tí ó ń kiri omi ní ọjà Mile 12. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2007, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Ọmọ náà wí pé: “Àǹtí mi ló rán mi. Wọ́n nà mí lánàá.”

Àǹtí yìí lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aya bàbá rẹ̀, tàbí ọ̀gá tí ó ń sìn. “Wọ́n” lè jẹ́ àǹtí nìkan, nítorí ọ̀wọ̀. Ó sì lè jẹ́ ènìyàn púpọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìròyìn, yóò ní láti yan ọ̀kan. Bí ó bá méfò, ó lè dá ọmọ padà sí ọwọ́ ẹni tí ó nà án.

Bí ó bá sì béèrè pé, “Ṣé àǹtí ló nà ọ́?”, ọmọ lè dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni, mà” nítorí pé àgbà ni ó béèrè. “Ta ló nà ọ́?” sàn jù. Bí ọmọ bá sì wolẹ̀, ọ̀wọ̀ lè ni. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń purọ́.

Ìkádìí

Àwa olùkọ́ Yorùbá lè bá wọn kọ irú eré báyìí, kí a sì jùmọ̀ ka ìbéèrè tí ó ṣí ọmọ lẹ́nu àti èyí tí ó fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Àgbà ni kí ó ṣe ọmọ. A kò gbọdọ̀ fi ọmọ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ sí ṣe eré. Eré kò lè rọ́pò iṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n àṣìgbọ́ inú eré ṣeé tún ṣe kí ó tó kan ọmọ kankan.