Ìtọ́jú Ara Fayolíìnì

Antonio Stradivari ti Cremona ní Ítálì kú ní ọdún 1737, síbẹ̀ àwọn fayolíìnì tí ó ṣe ń dún títí di òní. Ohun tí a bá tọ́jú a máa tọ́jọ́. Fáníìṣì ni aṣọ igi náà. Bí ó bá ti bàjẹ́, kò rọrùn láti tún ṣe. Lẹ́yìn orin, kí a fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu eruku oje igi tí ó bọ́ láti ara ọrun rẹ̀ kúrò, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Kí a má ṣe fi sípírítì nù ún, nítorí yóò yọ́ fáníìṣì. Nígbà ọyẹ́, kí ó wà nínú àpótí, jìnnà sí iná àti oòrùn, kí igi má baà là, kí àtè má sì tú.